Ọjà "outlet": ṣé òkìrìkà ni, ṣé ayédèrú ni, àbí kí la fẹ́ máa pè é?

Ìyá_Ìbejì_ỌbaIlé (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:52 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti ẹ̀yin ará Oǹdó. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́ ba ọjà mi jẹ́.

Aṣọ ọmọdé ni mò ń tà. Ṣọ́ọ̀bù mi kékeré kan wà lójú ọ̀nà Ọba-Ilé. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Manchester ló máa ń kó ọjà ránṣẹ́ sí mi lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún. Kì í ṣe aṣọ tí ẹnikẹ́ni ti wọ̀ rí o. Ó ń ra òmíràn ní TK Maxx, ilé ìtajà ẹ̀dínwó kan níbẹ̀, ó sì máa ń wọ mọ́tò lọ sí àwọn ibì kan tí wọ́n ń pè ní "outlet", níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ olórúkọ ńlá ti ń ta ọjà wọn ní ẹ̀dínwó.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo kọ ọ́ sórí WhatsApp mi: "Ọjà outlet tuntun ti dé o! Ojúlówó, ọ̀pọ̀!" Kí n tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ní, "Ẹ kú oríire o, ibo lẹ ṣí tuntun yìí sí?" Ó rò pé mo ti ní ṣọ́ọ̀bù kejì. Ẹnì kejì ní kí n yé fi èdè òyìnbó bò ó, kí n sọ pé òkìrìkà ni. Ẹnì kẹta, oníbàárà mi láti bí ọdún márùn-ún, wá fúnra rẹ̀ lánàá. Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó yí ọrùn rẹ̀ síta, ó rí i pé wọ́n ti fi yíǹkì dúdú fa ìlà kọjá lórí lébẹ́ẹ̀lì. Ó wá wò mí bí ẹni tó ká mi mọ́bi tí mo ti ń jí ẹran. "Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin náà ti ń ta féèkì?"

Mi ò rí nǹkan kan sọ, torí èmi alára ò mọ ẹni tó fa ìlà yẹn.

Ìbéèrè mi ò ju méjì lọ. Kí ni outlet yìí gan-an? Kí sì ni mo lè pè é lédè Yorùbá, tí ẹni tó ń kọjá lọ á fi mọ ohun tí mò ń tà, láìjẹ́ pé mo ń ṣàlàyé títí ilẹ̀ á fi ṣú?

Ọmọ_Olóyèmẹkùn (8:10)

Ẹ̀bi yín kọ́, Ìyá Ìbejì. Àwọn ilé oúnjẹ tó ń polówó lórí rédíò ló ni ẹ̀bi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ pé "ẹ yà sí outlet wa tó bá sún mọ́ yín". Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹ̀ka ni outlet. Bí mo bá rí i lára ògiri ní Alágbàká, adìẹ díndín ni ọkàn mi máa kọ́kọ́ lọ.

Aláròyé_Ìjàpọ̀ (8:15)

Ayédèrú ni gbogbo ẹ̀ jàre. Ojúlówó kì í pọ̀. Ohun tó bá dára, owó ẹ̀ á ga. Àwọn tó wà lókè òkun ń tàn yín ni.

Èkìmọ̀gún_Leeds (9:03)

Ẹ kú wàhálà, Ìyá Ìbejì. Ọmọ Oǹdó ni mí, nínú ilé ìtajà aṣọ ni mo sì ti ń jẹun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Àbúrò yín ti kó ọjà oríṣi méjì sínú àpò kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti wọlé.

Ihò tí omi ń gbà jáde ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè ní outlet; ọjà tó bá pọ̀ jù náà nílò ibi tó máa gbà jáde. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe aṣọ tàbí bàtà kì í mọ iye tí ọjà máa gbà gan-an. Á ṣe é kọjá bó ti yẹ, tàbí kí ìránṣọ mélòó kan wọ́. Láyé àtijọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ara wọn ni wọ́n máa ń tà á fún lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó yá, ará ìta náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn tò. Ní 1970 ni àwọn Vanity Fair tó ń ṣe aṣọ ṣí ilẹ̀kùn ọgbà ilé iṣẹ́ wọn ní ìlú Reading, ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, fún gbogbo ayé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn Clarks oníbàtà ló ṣí Clarks Village ní 1993 ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Street, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bàtà láti ayébáyé. Bicester Village, òmíràn irú rẹ̀, dé ní 1995. Ní gbogbo ibẹ̀ yẹn, ẹni tó ni orúkọ tó wà lára aṣọ ló ń ta ọjà ara rẹ̀.

TK Maxx kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Irú tiwọn ni wọ́n ń pè ní off-price. Alájàpá ni wọ́n. Wọ́n ní àwọn èèyàn tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa wá ibi tí ọjà ti há lọ. Ilé ìtajà ńlá kan lè fagi lé ọjà tó ti ní kí wọ́n ṣe, ó lè jẹ́ ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù, ìgbà ooru sì lè ti ń lọ. Wọ́n á nájà, wọ́n á san owó kíá, wọn ò ní dá ọjà padà bí kò bá tà. Ìyẹn ló ń mú kí olówó ọjà gbà láti jù ú sílẹ̀ fún wọn. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1976, TJ Maxx ni wọ́n sì ń jẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1994, wọ́n bá ilé ìtajà kan nílẹ̀ tó ń jẹ́ T J Hughes. Ni wọ́n bá fi K rọ́pò J, kí àwọn èèyàn má baà ṣì wọ́n mú.

Ní ti ìlà dúdú yẹn, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Wọ́n ń fà á kí ẹnì kan má baà ra ṣẹ́ẹ̀tì ní pọ́n-ùn 12 níbi ẹ̀dínwó, kó wá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù gidi pé kí wọ́n dá pọ́n-ùn 40 padà fún òun. Àmì pé ọjà ti gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde ni, kì í ṣe àmì ayédèrú.

Ohun kan tún wà tó ń ṣe yín lóore tí ẹ ò mọ̀. Ní September, aṣọ pénpé alápá kúkúrú ti di ẹrù fún wọn níbí, torí òtútù ti ń bọ̀. Owó rẹ̀ á já wálẹ̀ wìì. Ṣé ooru Àkúrẹ́ máa ń tán ni? Ohun tí ìgbà rẹ̀ ti kọjá lọ́dọ̀ tiwọn, ìgbà rẹ̀ ò kọjá lọ́dọ̀ yín rárá. Àti pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kì í gba owó orí ọjà lórí aṣọ ọmọdé, ìyẹn náà wà nínú ohun tó jẹ́ kí owó tí àbúrò yín ń san mọ níwọ̀n.

Ìyá_Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (9:31)

Ṣé ohun tí ẹ kó sínú ìwé gígùn báyìí nìyí? Gbogbo ìrọ̀lẹ́ là ń ṣe é ní Ọjà Ọba. Tòmátì tí mo ta ní ẹgbẹ̀rún méjì láàárọ̀, bí oòrùn bá ti rẹlẹ̀, mo máa ta á ní ẹgbẹ̀rún kan. Bó bá di aago méje tí mi ò sì fẹ́ gbé e sùn, ẹ mú owó tẹ́ ẹ ní wá. Tòmátì náà ni. Kò yí padà. Ilẹ̀ ló ṣú.

Èkìmọ̀gún_Leeds (9:40)

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹ gba ọ̀wọ̀ yín o! Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Edward Filene sọ ohun tí ẹ ń ṣe yìí di òfin ní Boston ní 1909. Ó ṣí ìsàlẹ̀ ilé ìtajà bàbá rẹ̀, ó sì kọ ọjọ́ tí ọjà dé sára ọjà. Bó bá lo ọjọ́ 12 láìtà, wọ́n á yọ ìdá mẹ́rin-dín-kan, ìyẹn 25 nínú 100. Ọjọ́ 18, ìdajì. Ọjọ́ 24, 75 nínú 100. Bó bá pé ọjọ́ 30 tí kò sẹ́ni tó rà á, wọ́n á kó o fún àwọn aláìní. Àwọn obìnrin á máa fi aṣọ tó wù wọ́n pa mọ́ sábẹ́ òmíràn, wọ́n á máa gbàdúrà kí ọjọ́ tó ń bọ̀ bá a níbẹ̀.

Ìyá_Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (9:44)

Tèmi kì í dúró de ọjọ́ 12 o. Á ti máa ṣe omi.

Aláròyé_Ìjàpọ̀ (9:50)

"Ìdá mẹ́rin-dín-kan" ni 75, kì í ṣe 25. Ẹni tí ò mọ ìṣirò ń kọ́ wa ní ọjà.

Èkìmọ̀gún_Leeds (9:53)

Òótọ́ ni, ìdá kan nínú mẹ́rin ni mo fẹ́ sọ. Ẹ ṣeun. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ máa sọ ohun tó wúlò láti àárọ̀.

Aláṣọ_Bẹ́ńdáàn (10:22)

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, inú mi ò dùn. Ọ̀nà tí ẹ gbà ń pe "òkìrìkà" bíi pé èébú ni yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Ọdún kẹtàlá mi rèé nídìí bẹ́ẹ̀lì. Orúkọ ìlú ni Okrika, ní ìpínlẹ̀ Rivers, etí odò tí aṣọ àlòkù ti kọ́kọ́ ń wọlé ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ìjọba ti fòfin de kíkó o wọlé tipẹ́, mi ò sì wá jiyàn òfin níbí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé bí ẹ bá ń wá ojúlówó, ẹ wá sọ́dọ̀ wa.

Ẹ rò ó dáadáa. Aṣọ tí òyìnbó kan lọ rà ní ṣọ́ọ̀bù gidi, tó wọ̀ fún ọdún méjì, tó sì fi tọrẹ, ojúlówó ni lọ́nà gbogbo. Ó ti lọ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ ní ìgbà 50, kò ya, kò ṣá. Ẹ wá sọ fún mi pé èyí tí ò tíì fọ̀ rí ló dára jù ú lọ? Nínú bẹ́ẹ̀lì fọ́ọ̀sì gíréèdì, mo máa ń rí èyí tí táàgì ṣì wà lára rẹ̀ pàápàá. Ẹni tó bá fi ojú di òkìrìkà, ojú rẹ̀ ò tíì là sí aṣọ.

Akẹ́kọ̀ọ́_FUTA (10:41)

Ẹ̀gbọ́n, orúkọ ti yí padà o. "Thrift" là ń pè é báyìí. Ọ̀rẹ́ mi kan ní South Gate ń ta thrift lórí Instagram, ó máa ń lọ́ ọ, á fi lọ́fínńdà sí i, á yà á ní fọ́tò lára ògiri funfun. Aṣọ tí ẹ ń ta ní 1,500, ó ń tà á ní 7,000. Bẹ́ńdáàn kan náà ni.

Bàbá_Alájẹṣẹ́kù (11:15)

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká, bójú bá sì ti mọ́ báyìí, kíkà ló kù. Ìwọ ọmọ FUTA, ṣé o mọ̀ pé "thrift" tí o ń pè yẹn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni àwa fi ń túmọ̀ rẹ̀? "Thrift and Credit" ni wọ́n kọ sára ìwé kékeré tí mo fi ń dá owó fún ọdún 29. Ọmọ-ọmọ mi sọ lọ́jọ́ kan pé òun rí thrift tó dára lórí fóònù, mo ní kó béèrè èlé orí owó yíyá wọn.

Ẹ wò bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn. Outlet tó jẹ́ ihò omi di ibi ẹ̀dínwó lọ́hùn-ún, ó di ẹ̀ka ilé oúnjẹ níbí. Thrift tó jẹ́ fífi owó pa mọ́ di aṣọ àlòkù. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ àlejò sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó má bínú bí àwọn èèyàn bá fún un nítumọ̀ tó wù wọ́n.

Ní ti orúkọ, ṣebí a ní "gbàǹjo"?

Ọmọ_Olóyèmẹkùn (11:20)

Bàbá, ẹ forí jì mí. Bí Ìyá Ìbejì bá kọ gbàǹjo síwájú ṣọ́ọ̀bù, ohun tí àwọn èèyàn máa sọ ni pé gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, pé báǹkì ló ń ta ẹrù rẹ̀. Gbàǹjo ni kí ẹnì kan dúró sókè kó máa kígbe "ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì".

Bàbá_Alájẹṣẹ́kù (11:26)

O rí i sọ. Mo gbà.

Télọ̀_Arákàlẹ̀ (12:48 ọ̀sán)

Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni mo fi rí àyè. Gbogbo ohun tí arákùnrin Leeds sọ dùn létí, ṣùgbọ́n ó fo ibì kan, ibẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń rà.

Oníbàárà mi kan kó ṣẹ́ẹ̀tì méjì wá fún mi ní oṣù tó kọjá pé kí n bá òun gbà á wọlé. Orúkọ kan náà, àwọ̀ kan náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ra ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù gidi, ó ra èkejì ní outlet. Mo tú wọn. Ti ṣọ́ọ̀bù, ìránṣọ rẹ̀ sún mọ́ra bí eyín àgbàdo, ìlà ara àpò bá ìlà àyà mu gẹ́lẹ́, bọ́tìnnì àfikún wà nísàlẹ̀, aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ wọlé tó ìka méjì. Ti outlet, ìránṣọ jìnnà síra, ìlà àpò ń lọ sí Iléṣà nígbà tí ti àyà ń lọ sí Ọ̀wọ̀. Kò sí bọ́tìnnì àfikún. Ìṣẹ́wọlé rẹ̀ ò tó ìka kan, mi ò rí nǹkan kan tú sílẹ̀ fún un bó bá sanra lọ́la. Aṣọ náà fúnra rẹ̀ fúyẹ́.

Èkejì yìí kì í ṣe àṣẹ́kù. Kì í ṣe pé wọ́n rán an kọjá iye tó yẹ. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n dìídì rán an fún outlet. Mo mọ̀ ọ́n torí èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí n má purọ́. Bí ẹ bá kó aṣọ ẹbí 60 fún mi ní owó pọ́ọ́kú, kì í ṣe ìránṣọ tí mò ń ṣe fún aṣọ ìyàwó ni màá ṣe fún yín. Orúkọ mi ló wà lára méjèèjì.

Èkìmọ̀gún_Leeds (1:17)

Télọ̀, ẹ mú mi. Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí n ti sọ ọ́ láàárọ̀. Àṣẹ́kù kì í tó láti kún gbogbo ilé outlet tó wà láyé báyìí. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn èèyàn ń rọ́ wá, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rán ọjà tí kò dé ṣọ́ọ̀bù gidi rí láéláé, outlet nìkan ni wọ́n rán an fún. Àwọn kan ò fi pa mọ́. Gap, ilé iṣẹ́ aṣọ Amẹ́ríkà kan, ní Gap Factory, onígun mẹ́rin kékeré mẹ́ta máa ń wà lábẹ́ orúkọ lórí lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ti J.Crew Factory, dáyámọ́ǹdì kékeré méjì ni. Brooks Brothers náà ti ní tirẹ̀ rí tó ń jẹ́ 346. Ojúlówó ni gbogbo wọn, ní ti pé ẹni tó ni orúkọ ló ṣe wọ́n. Ibi tí ó ti ń di àrékérekè ni iye tí wọ́n máa ń kọ sára táàgì: "pọ́n-ùn 60 tẹ́lẹ̀, 25 báyìí". Aṣọ tí kò dé ṣọ́ọ̀bù rí, níbo ni wọ́n ti tà á ní 60?

Amòfin_ÒkèÀró (1:45)

Ìbéèrè yẹn gan-an ni àwọn aṣòfin mẹ́rin béèrè ní Amẹ́ríkà. Ní January 2014, wọ́n kọ̀wé sí Federal Trade Commission, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà níbẹ̀, pé kí wọ́n wádìí bóyá outlet ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà pẹ̀lú ọjà tí wọ́n dìídì ṣe fún ibẹ̀. Ìlànà àjọ yẹn ti wà tipẹ́ pé iye àtijọ́ tí ẹ bá kọ gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí ẹ ti fi pàtẹ ọjà náà ní tòótọ́.

Lọ́dọ̀ wa níbí, òfin 2018 tó gbé FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, kalẹ̀ ka ìpolówó tó ń tan oníbàárà jẹ léèwọ̀. Ó tún ní ẹni tó bá ń ta àlòkù gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kedere pé àlòkù ni. Aláṣọ Bẹ́ńdáàn, ẹ gbọ́ o, kí ọ̀rẹ́ ọmọ FUTA tó ń fi lọ́fínńdà sí i náà gbọ́.

Aláṣọ_Bẹ́ńdáàn (1:52)

Èmi kì í fi nǹkan kan sí i. Òórùn bẹ́ẹ̀lì ni ìwé ẹ̀rí mi.

Aláròyé_Ìjàpọ̀ (2:05)

Mo ní ayédèrú ni. Ṣé ẹ ti rí i báyìí?

Télọ̀_Arákàlẹ̀ (2:11)

Rárá o, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi jà. Ayédèrú ni kí ẹlòmíràn rán aṣọ kó wá fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ lé e. Èyí, oní-nǹkan ló ṣe é, ó kàn se ọbẹ̀ náà ní ẹran díẹ̀. Bí mo bá sè é fún ẹ láìní ẹran, tí mo sì sọ fún ẹ, mi ò jẹ̀bi. Bí mo bá gba owó ẹran lọ́wọ́ ẹ, ìgbà náà ni kí o bá mi jà.

Ìyá_Ìbejì_ỌbaIlé (4:30 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù láti aago méjì, mo da gbogbo ẹrù sílẹ̀, mo sì ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àyà mi já. Ilé iṣẹ́ kan wà tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀, àwọn tí mò ń gbé lárugẹ jù. Mo pe àbúrò mi, ó ní outlet wọn lòun ti ra gbogbo rẹ̀. Orúkọ outlet wà lára lébẹ́ẹ̀lì lóòótọ́, ní lẹ́tà kékeré bí ẹsẹ̀ èèrà, èmi ni mi ò fi ojú sí i. Nínú ṣẹ́ẹ̀tì 64 tó wà nílẹ̀, 23 ló jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọ̀kan náà ni pẹ̀lú èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá nílùú òyìnbó. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni mo pa.

Ṣé kí n yọ wọ́n kúrò nílẹ̀ ni?

Aláṣọ_Bẹ́ńdáàn (4:41)

Ẹ má yọ nǹkan kan. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí a ṣe ń ṣe ni: fọ́ọ̀sì gíréèdì níbí, sẹ́kọ́ńdì níbẹ̀, ẹni tí ò lówó ti àkọ́kọ́ á lọ síbi èkejì láìjà. Ìgbà tí ẹ bá dà wọ́n pọ̀ ni wàhálà máa ń dé.

Ọmọ_Olóyèmẹkùn (4:55)

A ò tíì rí orúkọ o. Mo mú "Ọ̀pọ̀-Kì-í-Ṣe-Féèkì" wá.

Akẹ́kọ̀ọ́_FUTA (4:58)

Ìyẹn gùn ju ojú pátákó lọ.

Ìyá_Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (5:20)

Ẹ pè é ní ojúlówó ìrọ̀lẹ́. Ọjà tí ilẹ̀ ṣú mọ́.

Télọ̀_Arákàlẹ̀ (5:34)

Ó dùn púpọ̀, Ìyá. Ó bá ti TK Maxx mu, ìyẹn èyí tí wọ́n rà níbi tó há sí. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n dìídì rán fún outlet kì í ṣe ọjà ìrọ̀lẹ́. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé owó pọ́ọ́kú ni wọ́n máa tà á. Orúkọ kan ò lè ru méjèèjì.

Bàbá_Alájẹṣẹ́kù (6:02)

Télọ̀ sọ òótọ́, ibẹ̀ gan-an ni òyìnbó ti ṣì wá lọ́nà, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi da bo méjèèjì. Kí àwa má ṣe bẹ́ẹ̀. Èkíní, ẹ pè é ní "àṣẹ́kù ojúlówó". Ẹ̀yin ẹ mọ àjẹṣẹ́kù. Ohun tó ṣẹ́ kù kì í ṣe ìdọ̀tí, inú oúnjẹ kan náà ló ti wá. Èkejì, ẹ pè é ní "olówó pọ́ọ́kú", kí ẹ sì fi orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é tẹ̀lé e. "Ìrọ̀lẹ́" ti Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ wù mí, àmọ́ mo bẹ̀rù pé ẹni tó bá kà á láìgbọ́ ìtàn rẹ̀ á rò pé aṣọ àwọ̀sùn ni.

Ìyá_Ẹlẹ́fọ̀ọ́ (6:07)

Hà, Bàbá! Ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín. Ó dáa, mo fi sílẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_ỌbaIlé (Ọjọ́bọ̀, 6:48 ìrọ̀lẹ́)

Mo ní kí n padà wá jábọ̀. Mo gé páálí méjì, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì fi máákà kọ ọ́ torí ọwọ́ rẹ̀ dáa ju tèmi lọ. "Àṣẹ́kù ojúlówó" wà lápá ọ̀tún. "Olówó pọ́ọ́kú: wọ́n rán an fún outlet" wà lápá òsì. Mo yọ ẹgbẹ̀rún méjì kúrò lórí tòsì. Gbogbo táàgì tó ní iye àtijọ́ tí kò dá mi lójú, mo já a.

Oníbàárà mi tó bínú lọ́jọ́ Ajé kọjá lánàá, mo pè é wọlé. Mo fi ìlà dúdú hàn án, mo sọ ìdí rẹ̀ fún un bí ará Leeds ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà mo mú un dé apá òsì, mo sọ tìyẹn náà, mo sì tọrọ àforíjì. Ó dákẹ́ títí, ó ń na aṣọ wò. Mo rò pé ó máa lọ ni. Ló bá ní, "Ọmọ mi á ti ga ju èyí lọ kó tó di ọdún tuntun. Kí ni mo fẹ́ fi ìṣẹ́wọlé ìka méjì ṣe?" Ó mú mẹ́ta lápá òsì. Ó wá padà sí apá ọ̀tún, ó mú ẹyọ kan fún ìdúpẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹnì kan ṣì béèrè lánàá pé ibo ni ṣọ́ọ̀bù mi kejì wà. Mo nawọ́ sí apá òsì.

Akẹ́kọ̀ọ́_FUTA (7:02)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ ní ti ọmọ ọdún mẹ́jọ? Àbúrò mi ni mo fẹ́ rà á fún.

Ìyá_Ìbejì_ỌbaIlé (7:09)

Méjì ló kù, aláró kan, pupa kan. Àṣẹ́kù ojúlówó ni méjèèjì, ₦9,500.

Akẹ́kọ̀ọ́_FUTA (7:10)

Ẹ gba 7,000, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí.

Ìyá_Ìbejì_ỌbaIlé (7:12)

Ọmọ mi, wọ́n ti dín in fún ẹ láti Manchester. Wá mú un lọ́la kí n tó ṣí àpò tuntun.